Àwẹ̀ Ọjọ́ Mẹ́ta Tí Ìjọ Wa Gbà Fún Tómi

Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ máa ń ka ojú ewé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n sọ tẹnu mi. Nǹkan kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí oṣù mẹ́rin. Mi ò lè jẹun mọ́. Irọ́ ni, mò ń jẹun, ṣùgbọ́n kò dùn lẹ́nu mi bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ̀rọ̀ báyìí ni pé Sọ́ńdè tó ń bọ̀ ni Ọjọ́ Àwọn Ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Wọ́n ti tẹ ìwé ètò ìsìn. Mo ti fojú ara mi rí i. Nọ́ńbà kẹsàn-án níbẹ̀ ni: "Fèrè pàtàkì láti ọwọ́ Sister Tómi." Tómi ò lè wá. Kò sí bó ṣe fẹ́ wá.

Ẹ má rò pé ó ti kú o. Wọn ò bí i rárá ni. Yíyà ni wọ́n yà á.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n tò ó bó ṣe rí. Mo ti yí orúkọ gbogbo èèyàn inú ọ̀rọ̀ yìí padà, àfi ti Tómi àti ìyá rẹ̀, torí àwọn méjèèjì ò lè bínú sí mi.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ni mí. Thamesmead ni mò ń gbé, nílùú òyìnbó níbí. Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe, láti ilé dé ilé. Mò ń wẹ̀ wọ́n, mò ń fún wọn lóògùn, mò ń bá wọn wá awò ojú tó wà lórí imú wọn. Ìjọ aláṣọ funfun ni mò ń lọ, èmi sì ni igbákejì olórí ẹgbẹ́ àwọn ìyá aládùúrà. Ipò yẹn wà lára ohun tó kó bá mi.

Mo ní ọmọbìnrin kan, Dámi, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Ibí ni mo bí i sí. Dámi fẹ́ràn kàtúùnù àwọn ará Japan, èyí tí òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè ní ánímè. Èmi kórìíra rẹ̀. Mo ti dìde rí ní ìpàdé àwọn ìyá, mo ní ẹ̀mí òkùnkùn ló wà nínú rẹ̀. Mo ní ọmọ tí ojú rẹ̀ tóbi tó àwo ọbẹ̀, tí irun rẹ̀ pupa bí ata, níbo lẹ ti rí irú ẹ̀ rí? Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Ìyá mẹ́ta ló gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ wọn lọ́sẹ̀ yẹn nítorí ọ̀rọ̀ mi.

Èmi náà gba tábúlẹ́ẹ̀tì Dámi. Mo fi òróró àdúrà nu ojú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, téèyàn bá tẹ̀ ẹ́ lápá ọ̀tún, apá òsì ló máa ń dáhùn. Mo sọ fún un pé mo ti tì í mọ́ inú àpótí títí yóò fi ṣèdánwò tán. Irọ́ ni. Inú báàgì iṣẹ́ mi ló wà.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo ní lọ́kàn kò burú. Mo kàn ní kí n wo irú ẹ̀mí tí mò ń bá jà ni. Mo wọ bọ́ọ̀sì ní Thamesmead Town Centre, mò ń lọ síbi iṣẹ́ ní Woolwich Dockyard. Mo gun òkè, mo lọ jókòó lẹ́yìn pátápátá, mo tan án.

Kò sí ẹ̀mí òkùnkùn kankan níbẹ̀. Ẹgbẹ́ olórin iléèwé kan ni. Àwọn ọmọ onífèrè ni wọ́n, wọ́n ń múra ìdíje. Ọ̀kan nínú wọn kéré lára, ẹ̀yìn ló máa ń jókòó, òun ló sì ń fọn èyí tó tóbi jù nínú gbogbo fèrè wọn, tí wọ́n ń pè ní túbà. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ohùn túbà yẹn àfi ìgbà tó bá dákẹ́. Bí gbogbo wọn bá ti lọlé tán, ọmọ yẹn ló máa ń to àga padà.

Nígbà tí mo rí i tó ń to àga, mo dá a padà sẹ́yìn, mo tún un wò. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ìlú yìí ni mo ti ń to àga lẹ́yìn àwọn èèyàn.

Bọ́ọ̀sì gbé mi kọjá Woolwich Dockyard. Charlton ni mo ti gbójú sókè. Kí n tó padà dé, baba tí mò ń tọ́jú ti wẹ ara rẹ̀, ó ti po tíì, ó sì ti po tèmi náà sílẹ̀. Ojú tì mí gan-an.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Orí bọ́ọ̀sì ni mo ti ń wò ó, lálọ àti lábọ̀. Èdè Japan ni wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n wọ́n kọ òyìnbó sísàlẹ̀, mo sì ń fi awò kà á. Ìyá ọmọ náà kò fẹ́ kó máa fọn fèrè, ó ní ìwé ni kó gbájú mọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀yìn ìyá yẹn ni mo wà. Mò ń mi orí sí i pé òótọ́ lo sọ, ìyá. Nígbà tó yá, agídí rẹ̀ wá sú mi. Mo ní irú ìyá wo ló ń fi nǹkan tí ọmọ fẹ́ràn du ọmọ báyìí? Tábúlẹ́ẹ̀tì ọmọ tèmi ni mo gbá mọ́ àyà tí mò ń sọ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, Dámi bá mi ní ìdáná. Ó ní, "Mummy, somebody's on my account. Mo rí i on my phone. Episode three ni mo wà, ó ti dé eleven. Wọ́n ti hack mi."

Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Mo ní irú olè wo nìyẹn? Mo bá a ṣépè fún olè náà. Mo ní awò tó fi ń wo nǹkan oníǹkan kó fọ́ yángá. Dámi ní "Amen". Èmi ò ṣe àmín o. Síbẹ̀, lọ́jọ́ kẹta, awò mi já bọ́ lórí àtẹ̀gùn bọ́ọ̀sì, ó dá sí méjì. Sẹ́lótéèpù ni mo fi lẹ̀ ẹ́ títí mo fi wo kàtúùnù náà tán.

Ẹ wá gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe di ti ìjọ. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbé e jáde, ní Sátidé Sátidé. Mo wò ó títí ó fi ku ẹyọ kan ṣoṣo, èyí tí wọ́n máa fi mọ ẹni tó borí. Nínú èyí tó ṣáájú rẹ̀, ètè ọmọ náà bó. Ẹni tó ń fọn fèrè, ètè ni ọkọ́ àti àdá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní òun ò ní wá síbi ìdíje. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ti lọ tẹ́lẹ̀ tí wọn ò mú un. Ibẹ̀ ni wọ́n pa á dé sí. Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n ní kí n fi dúró.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ yẹn, a ṣe ìpàdé àdúrà àwọn ìyá láago mẹ́wàá àárọ̀. Ìyá Ìjọ, tó jẹ́ àgbà gbogbo wa, ló ń darí. Ó wò mí títí. Ó ní, "Mama Dámi, kí ló ṣe yín? Face yín ò bright rárá lónìí."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, mi ò pète rẹ̀. Ẹnu ló já. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ Tómi ni, Mummy."

Ṣé ẹ rí ohun tó ṣẹlẹ̀? Tómi lorúkọ ọmọ náà lóòótọ́. Bí àwọn ará Japan ṣe ń pè é nìyẹn. Ká ní ó ń jẹ́ orúkọ tó ń lọ́ èèyàn láhọ́n ni, wọn ì bá bi mí léèrè, ǹ bá sì jẹ́wọ́, ká jọ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Tómi! Tómi mẹ́rin ló wà nínú ìjọ wa.

Ìyá Ìjọ bi mí pé kí ló ṣe Tómi. Mo ní ó ní ìdíje fèrè ní Sátidé, ètè rẹ̀ sì ti bó. Òótọ́ ni. Mo ní ó ti lọ lẹ́ẹ̀mejì, wọn ò mú un. Òótọ́ ni. Mo ní ìyá rẹ̀ kò tì í lẹ́yìn. Òótọ́ ni. Omijé tó bọ́ lójú mi bí mo ṣe ń sọ ọ́, òótọ́ ni òun náà.

"Níbo ló ń gbé?"

Mo ní, "East ni, Mummy."

Gbogbo wọn ní háà, Thamesmead East. Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ìlà oòrùn kúkú ni Japan wà.

Ìyá Ìjọ wá mú báírò. Ẹ mọ̀ pé àwa aládùúrà kì í gbàdúrà fún ọmọ láì dárúkọ ìyá tó bí i. Ó ní, "Tómi ọmọ ta?" Ọkàn mi balẹ̀, mo ní ibí lọ̀rọ̀ máa tú sí. Mo dárúkọ ìyá náà gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe ń pè é nínú kàtúùnù. Sayo ni.

Ìyá Ìjọ kọ ọ́ sínú ìwé: Olúwatómi ọmọ Ṣayọ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé èmi ni mo sọ wọ́n lórúkọ?

Ìyá Ìjọ ní ọmọ tí ìyá rẹ̀ kò tì lẹ́yìn, àwa la máa jẹ́ ìyá fún un. Ó kéde àwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, láti Ọjọ́bọ̀ di Sátidé, láti òwúrọ̀ títí di aago mẹ́ta ọ̀sán. Wọ́n tan àbẹ́là méje. Ìyá mẹ́tàdínlógún, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìmọ́tótó, àwọn tó ń wa bọ́ọ̀sì, àwọn tó ń gbé aláìsàn, gbogbo wọn pebi mọ́nú nítorí ọmọ tí wọ́n fi pẹ́ńsù yà.

Èmi náà gbà á o. Ẹ má rò pé mo lọ ń jẹun ní kọ̀rọ̀. Kí n má parọ́, mo gbàdúrà fún Tómi tọkàntọkàn ju bí mo ṣe gbà á fún ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní ẹran lára lọ.

Nínú àwọn tó gbààwẹ̀ yẹn ni Sister Bọ́sẹ̀ wà. Òun gan-an lẹni tí mo ṣẹ̀ jù. Ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Ó ti ṣe nọ́ọ̀sì fún ọdún mẹ́jọ n'Ìbàdàn kó tó gba físà wá síbí. Ìdánwò àfọwọ́ṣe kan wà tó gbọ́dọ̀ yege kó tó lè ṣe nọ́ọ̀sì níbí. Bọ́sẹ̀ ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ó ti kùnà lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kejì, ẹ̀rù bà á débi pé ó gbàgbé láti fọwọ́. Àgbàlagbà lòun náà ń wẹ̀ báyìí, bíi tèmi. Kì í ráhùn, ṣùgbọ́n mo máa ń rí i lójú rẹ̀.

Bọ́sẹ̀ mú ọ̀rọ̀ Tómi bí ọ̀rọ̀ àbúrò tó bá a mu ọmú kan náà. Ó ń pè mí lọ́sàn-án. "Auntie, ètè ẹ̀ ńkọ́?" Mo ní ó ṣì ń dùn ún. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ó ti Woolwich Dockyard wọ bọ́ọ̀sì wá bá mi, ó gbé òrí wá nínú ike kékeré kan. Ìyá rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ sí i láti ilé. "Auntie, ẹ bá mi fún Tómi. Kó máa fi pa ẹnu before rehearsal."

Mo gbà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Gìgísẹ̀ mi ni mo fi pa. Òrí náà sì dára púpọ̀.

Sátidé pé. Mo lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan létí adágún omi ní Thamesmead. Aago méjì ọ̀sán ni, ebi ń pa mí. Mo tan án.

Ìyá rẹ̀ wá! Ó wọlé láti ẹ̀yìn, ó dúró ti ilẹ̀kùn, kò jókòó. Mo pariwo pé "A dúpẹ́ o!" Àwọn pẹ́pẹ́yẹ tó wà létí omi tú ká. Wọ́n lu orin náà títí, wọ́n wá dákẹ́, ó ku túbà nìkan. Mi ò mọ̀ pé nǹkan tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ lè dún jẹ́jẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Mo sunkún títí sẹ́lótéèpù ojú awò mi fi rẹ.

Wọ́n wá ń pe orúkọ àwọn iléèwé tó yege. Wọn ò pe tiwọn.

Mo rò pé tábúlẹ́ẹ̀tì ló ń ṣe ìṣe rẹ̀. Mo dá a padà sẹ́yìn, mo tún un wò. Wọn ò pè wọ́n. Tómi lọ jókòó sábẹ́ àtẹ̀gùn, ó gbé orí lé túbà, ó sunkún. Nígbà tó ṣe, ó fi aṣọ nù ún, ó gbé e kọ́ ẹ̀yìn, ó rìn lọ síbi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin. Ibẹ̀ ló parí sí.

Inú bí mi, ẹ jọ̀ọ́. Ẹni tó yà á, ọwọ́ rẹ̀ ni pẹ́ńsù wà! Kí ló máa gbà á láti jẹ́ kó borí? Ìyá mẹ́tàdínlógún ló gbààwẹ̀!

Ní Sọ́ńdè, mo ti pinnu ohun tí mo máa sọ. Mo máa ní wọn ò mú un, kí wọ́n ní ẹ pẹ̀lẹ́, kí ọ̀rọ̀ sì kú síbẹ̀. Ìyá Ìjọ dìde lójú gbogbo ìjọ. Ó ní, "Mama Dámi, Tómi wa ńkọ́?" Gbogbo wọn yíjú sí mi. Mo rí Bọ́sẹ̀ ní ìlà kejì. Ó ti pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ mọ́ àyà, ètè òun gan-an ti gbẹ.

Mo ní, "Ó borí!"

Halelúyà méje ni wọ́n ké. Wọ́n lu agogo. Bọ́sẹ̀ jó títí fìlà rẹ̀ fi jábọ́. Ó wá gba máìkì. Ó ní òun ti bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú kan tí òun ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí Tómi bá yege nígbà kẹta yìí, òun náà á lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò nígbà kẹta. Bí kò bá yege, òun á padà sí Ìbàdàn.

Ó ní, "Mo ti pack box kan. Lónìí, màá lọ tú u!"

Èmi náà dìde. Mò ń pàtẹ́wọ́ bíi tiwọn.

Dámi jókòó tì mí nínú sùtánà funfun rẹ̀. Ó ti gbọ́ Tómi. Ó ti gbọ́ túbà. Ó yí ojú sí mi díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn tó ti dógùn-ún.

Bí a ṣe délé, ó ní, "Mum. Tomi lost." Ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ti wò ó. "So ìwọ ni hacker yẹn?"

Mo ní kó rọra bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ní, "And you told the whole church pé ó win? Mummy, that's the whole point, pé kò win!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi dùbúlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì. Mo dá tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ padà fún un, mo sì bẹ̀ ẹ́, èmi ìyá tó bí i. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó jókòó dáadáa. Ó ní, "But Auntie Bọ́sẹ̀, though. That's not funny, you know." Mo mọ̀.

Láti ìgbà yẹn, mi ò nísinmi. Gbogbo Sọ́ńdè ni wọ́n ń bi mí ìgbà tí Tómi máa wá dúpẹ́. Mo ní ìwé ló ń kà. Mo rò ó pé kí n sọ pé ó ti kó lọ sí Canada, mo rántí pé Ìyá Ìjọ ní àbúrò ní Canada. Mo rò ó pé kí n sọ pé ó ń ṣàìsàn, mo rántí pé wọ́n máa gbààwẹ̀ ọjọ́ méje. Ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó ń gbé ní Thamesmead East tiẹ̀ ti ń bèèrè ilé Ṣayọ̀ kiri, kó lè gbà á níyànjú pé kó máa ti ọmọ ẹ̀ lẹ́yìn. Ó ní àwọn aládùúgbò kàn ń fi ilé rẹ̀ pa mọ́ fún òun ni.

Nígbà tó wá di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Ìjọ fún mi ní ìwé ètò ìsìn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo ti bá yín fi Tómi sí i. Kó gbé fèrè ńlá yẹn wá." Lọ́jọ́ kan náà ni Bọ́sẹ̀ sọ fún mi pé ìdánwò òun ti bọ́ sí Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ méjì lẹ́yìn Sọ́ńdè yẹn. Ó ní orúkọ ọjọ́ náà gan-an ti sọ ọ́ tán.

Ìjẹta, mo lọ bá Bọ́sẹ̀ nílé, ní Woolwich Dockyard. Mo ti múra láti jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Mo bá a nínú yàrá, ó tẹ́ ìrọ̀rí sórí bẹ́ẹ̀dì, ó da aṣọ bò ó dé ọrùn. "Good morning, sir, my name is Bọ́sẹ̀, I'm going to check your pulse." Ìrọ̀rí ló ń bá sọ̀rọ̀. Ó fọwọ́ kó tó fara kàn án, ó tún fọwọ́ lẹ́yìn tó fara kàn án. Lára ògiri, ó lẹ bébà kan tó kọ gàdàgbà sára rẹ̀: TÓMI ṢE É.

Mi ò lè jókòó. Mo ní, "Bọ́sẹ̀, mo parọ́ fún ọ. Tómi ò borí."

Ó dúró, omi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. "Wọn ò mú un?"

Mo ní wọn ò mú un. Mo sọ bó ṣe jókòó sábẹ́ àtẹ̀gùn. Mo sọ bó ṣe sunkún. Mo sọ bó ṣe nu fèrè náà, tó gbé e kọ́ ẹ̀yìn, tó sì lọ. Ó wá ku èyí tó le jù kí n sọ, pé kàtúùnù ni Tómi. Ẹnu mi ti là, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹnu mi ti là.

Bọ́sẹ̀ jókòó ti ìrọ̀rí náà, ó bú sẹ́kún. Mo rò pé mo ti ba ayé ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Nígbà tó ṣe, ó nu ojú. "Ìgbà kẹta, Auntie?"

"Ìgbà kẹta."

"And she's still playing?"

Mo ní kò jù ú sílẹ̀.

Ó dìde, ó já bébà ara ògiri. Àyà mi já pẹ̀lú rẹ̀. Ó yí i sódì kejì, ó mú báírò, ó kọ ọ́: TÓMI Ò JÙ Ú SÍLẸ̀. Ó tún un lẹ̀ padà.

Ó ní, "Auntie, ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bí mo bá tún fail, ó ti tán nìyẹn. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè fail, kó nu nǹkan ẹ̀, kó sì gbé e lọlé."

Ó wá di ọwọ́ mi mú. Ó ní kí n má jẹ́ kí wọ́n fipá mú Tómi fọn fèrè ní Sọ́ńdè, ojú lè máa tì í. "Ẹ kàn bá mi sọ fún un pé Bọ́sẹ̀ ń kí i. Ẹ ní mò ń gbàdúrà fún un. Tí mo bá jáde ní exam hall, pass o, fail o, òun ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rí."

Mo pa ẹnu mi dé. Mo ní mo ti gbọ́, màá jíṣẹ́. Ó tún lọ fọwọ́, ó ń bá ìrọ̀rí rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ, mo sì jáde.

Ẹ̀yin àgbà àti ọmọdé tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ti ìjọ kò ṣòro mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n gba ipò lọ́wọ́ mi, mo ti jẹ gbèsè rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá mẹ́tàdínlógún, mo dọ̀bálẹ̀, mo kúnlẹ̀, èyí tó bá wù yín kẹ́ ẹ mú. Ṣùgbọ́n bí mo bá dìde sọ òótọ́ ní Sọ́ńdè, Bọ́sẹ̀ á wà níbẹ̀, ìdánwò rẹ̀ á sì ku ọjọ́ méjì. Bí mo bá dákẹ́, wọ́n á pe nọ́ńbà kẹsàn-án. Dámi ní kí n sọ fún un kíákíá. Ọkàn mi ní kí n jẹ́ kó ṣe ìdánwò ná, kí n wá lọ dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà, kí n sọ ọ́ níbẹ̀, kó gbá mi létí bó bá fẹ́. Èwo ni kí n ṣe?

Ẹ tètè dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́. Bọ́sẹ̀ tún pè mí láàárọ̀ yìí, ó bi mí bóyá mo ti jíṣẹ́ òun. Mo ní mo ti jẹ́ ẹ. Ó ní, "Kí ló sọ?"